Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ ní Ìlú Onílùú: Ìnira Ẹni Tí Nǹkan Tètè Ń Wọ̀ Lára

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ kí ó lù, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Ìbìní kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wébìnrin rẹ̀ kan lórí WhatsApp. Èdè Òyìnbó ni ó fi kọ ọ́, kò sì ju gbólóhùn kan lọ: “Wá rí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.” Kò sí ìkíni níwájú rẹ̀, kò sì sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá náà ti fóònù bọ àpò, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó ti gbàgbé pé òun kọ ohunkóhun kí ó tó yí Ring Road po tán.

Ẹni tí a kọ ọ́ sí kò gbàgbé. Ọmọ Iléṣà ni arábìnrin náà. Ó ti lo ọdún mẹ́fà ní Ìbìní, yàrá méjì ni ó gbà ní Ugbor, níbi tí òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan ń gbé. Orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, nítorí pé bí òun ti rí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rí. Nígbà tí ó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ ní ọ̀fun rẹ̀. Ó ka gbólóhùn kan náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé nítorí fáìlì tí ó pẹ́ kí ó tó gbé wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni? Tàbí ẹ̀rín tí ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń bá awakọ̀ wí? Ó wá rántí pé ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí òun kí ọ̀gá, orí lásán ni ọ̀gá mì, kò la ẹnu. Ìrántí yìí ni ó wá fi èdìdì dì í.

Ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti ṣírò iye tí ó ní nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti iye oṣù tí owó náà lè fi gbé òun àti ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ó sàn lójú rẹ̀ kí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ju kí a tì í jáde lọ. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sínú báàgì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí ó jókòó. Òṣìṣẹ́ tuntun méjì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́ wọn bí a ti í ṣe ìwé ìṣirò owó, nítorí pé nígbà tí àwọn tí ó wá yẹ ìwé wò dé ní ọdún tí ó kọjá, tirẹ̀ nìkan ni wọn kò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú báàgì ní gbogbo àkókò tí ọ̀gá fi ń yìn ín.

Ohun tí ó yẹ kí èèyàn dúró lé nínú ìtàn yìí ni pé ojú kan náà tí ó rí àṣìṣe kékeré nínú ìwé owó kí ó tó di ńlá ni ó rí ìlélọ nínú gbólóhùn kan tí kò ní ìlélọ nínú. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀, kò dájú pé èkejì yóò kù.

KÌ Í ṢE ÀÌSÀN

Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe irú èèyàn báyìí. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ rọ̀, wọ́n á ní nǹkan tètè ń wọ̀ ọ́ lára, wọ́n á ní ara rẹ̀ kò gba ariwo. Bí sùúrù wọn bá tán, wọ́n á ní ojo ni, wọ́n á ní ẹlẹ́kún ni. Fún ọmọ Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni kò mọ òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ẹbí ti bi arábìnrin yìí pé irú ọmọ òṣómàáló wo ni í sunkún nítorí pé ẹnì kan wò ó ní ìwòkuwò.

Ní ọdún 1996, obìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, Elaine Aron, tẹ ìwé kan jáde lórí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ní 1997, òun àti ọkọ rẹ̀, Arthur Aron, gbé ìwádìí wọn síta, pẹ̀lú ìbéèrè 27 tí a lè fi dá wọn mọ̀. Ìṣirò Elaine Aron ni pé wọ́n tó nǹkan bí 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ohun tí ó sì tẹnu mọ́ jù lọ ni pé kì í ṣe àrùn. Bí a ti dá wọn ni. Ohun tí ó bá gba ojú tàbí etí wọlé, ọpọlọ wọn a máa tú u wò dé ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ti gbà á kọjá. Iṣẹ́ ni àtúwò yìí, nítorí náà ni ó fi tètè ń rẹ̀ wọ́n níbi tí ariwo, iná tí ń kọ yànrànyànràn àti ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá ti pàdé.

Àwọn olùwádìí mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 2018, Francesca Lionetti, Michael Pluess àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé kì í ṣe ọ̀nà méjì péré ni ènìyàn pín sí lórí ọ̀ràn yìí. Nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni nǹkan ń wọ̀ lára púpọ̀, nǹkan bí 40 wà láàárín, àwọn tí ó kù kò tètè mọ ohun tí ń lọ lára wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2015, Pluess àti Ilona Boniwell ti wo àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan ní London tí a kọ́ ní bí èèyàn ti í kápá ìbànújẹ́. Àwọn tí nǹkan ń wọ̀ lára ni ẹ̀kọ́ náà ṣe ní oore. Kò fi bẹ́ẹ̀ ran lára àwọn yòókù. Èyí já sí pé bí ibi ti ń wọ̀ wọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ni ire náà ń wọ̀ wọ́n lára. Kì í ṣe pé awọ ara wọn fẹ́lẹ́ sí ìyà nìkan.

Ṣùgbọ́n kí àwọn Òyìnbó tó ṣe ìbéèrè 27, àwọn ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ojú lásán kọ́ ọmọ. Àlejò wọlé, ó na ẹran sí ọmọ. Ọmọ kò ní kọ́kọ́ wo ẹran, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò wò. Bí ìyá bá ṣẹ́jú, ọmọ a ní òun ti yó. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi: gbogbo wa ni a gbọ́ òwe yìí dàgbà. Nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ báyìí, ọmọ tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára ni ó máa ń gba oríyìn. Òun ni ó mọ̀ pé inú bàbá kò dùn kí bàbá tó sọ̀rọ̀. Òun ni ó mọ̀ pé ebi ń pa àlejò. Arábìnrin ará Ugbor yìí, nígbà èwe rẹ̀, òun ni ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń pè ní ọmọ tí ó létí inú.

NÍBI TÍ WỌN KÌ Í TI Í SỌ ÀBỌ̀

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni ìgbà tí a bá gbé etí tí a fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ tọ́ dàgbà lọ sí ìlú tí odindi ọ̀rọ̀ ti ń jáde, tí ó sì ń jáde pẹ̀lú ohùn òkè.

Èdè Píjìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ohun gbogbo ní ìlú Ìbìní, ní ọjà, nínú ọkọ̀, àti ní ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá àgbà kò bá sí nítòsí. Èdè dídùn ni, ó sì yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní “ẹ” àti “o”. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi ń pe ọmọ ọdún mẹ́wàá àti bàbá ọgọ́rin ọdún. Yorùbá tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ èyí lórí, kí ó má tíì mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí akọ̀wé yìí dé ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé lẹ́tà káàkiri, ẹni tí kò ju àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn lọ, a máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń dùn ún. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé ọmọ náà ti fi ojú tín-ín-rín wo òun nítorí pé òun kì í ṣe ọmọ ìlú.

Àwọn Ìbìní kì í ṣe aláìlọ́wọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé láàárín wọn yóò jẹ́rìí sí i. Ìkíni àárọ̀ wọn tilẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ní tirẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ni a ti mọ agbo ilé tí ó ti wá. Ibi tí wọ́n ń kó ọ̀wọ̀ sí ni ó yàtọ̀. Yorùbá ń wá a nínú “ẹ”, kò bá a níbẹ̀, ó sì parí èrò sí pé kò sí ní ilé rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohùn òkè. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan náà pariwo mọ́ akọ̀wé yìí nítorí rìsíìtì kan tí a kò rí, tí gbogbo ọ́fíìsì sì yíjú wò wọ́n. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan náà ra bọ̀lì àti ẹ̀pà, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ń pè é ní àǹtí òun. Ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ti ọmọ Iléṣà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi gbé ariwo náà kiri.

Ariwo mìíràn sì wà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá. Ugbor wà ní apá gúúsù ìlú, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Oredo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ GRA. Abúlé ni kí ìlú tó gbòòrò dé bá a. Ẹni tí ó bá ti Mission Road tàbí ọjà Ọba darí síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ pé òun bọ́ lọ́wọ́ hóró ìlú. Ṣùgbọ́n kí iná mànàmáná lọ, kí ó wò ó bí jẹnẹrétọ̀ yóò ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn, láti ilé dé ilé, títí tí fèrèsé yóò fi máa gbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, ti aládùúgbò, wà lábẹ́ fèrèsé yàrá tí arábìnrin náà ń sùn. Ẹni tí kò sùn lóru ni yóò dé ọ́fíìsì láàárọ̀ tí ariwo rìsíìtì yóò bá lára. Ìdajì ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní ìwà ẹlẹ́kún, àìsùn ni.

Àjọ NESREA ti ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde ní 2009 lórí ìwọ̀n ariwo tí ó yẹ kí ó máa wà ní àdúgbò tí èèyàn ń gbé. Ìlànà náà dára. Ṣùgbọ́n àlejò wo ni yóò fi ẹjọ́ jẹnẹrétọ̀ sun ìjọba, kí ó tún máa bá onítọ̀hún pàdé níbi tí wọ́n ti ń pọn omi láàárọ̀? Ohun tí ó ṣe ni pé ó ra búrẹ́dì méjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ kí ìyá ilé kejì, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nílé, ó ṣàlàyé. Ẹ̀rù ba ìyá náà pé èèyàn kúnlẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ní apá kejì. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ó ti fi ara dà á kí ó tó la ẹnu.

ORÍ GBÍGBÓNÁ ÀTI ILÉ ÌWÒSÀN ARO

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ ìwé bẹ̀rẹ̀ sí mú orí ọmọ Yorùbá gbóná. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá bá wọn pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: orí ń gbóná, ọrùn ń dùn wọ́n, ojú ń ṣú, wọ́n ń ka ìwé ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà kò dúró. Òyìnbó fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé ó ti rẹ ọpọlọ. Orúkọ náà wọ ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ní 1994, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní 2013. Orúkọ a máa wá, a sì máa lọ. Orí akọ̀wé ní Ugbor kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́: ní òpin oṣù, nígbà tí ìwé owó, ariwo àti fóònù bá pàdé, òkè orí rẹ̀ a máa gbóná bí ẹni gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e.

Ohun tí ó tún yẹ kí àtìpó mọ̀ nípa Aro ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ṣe níbẹ̀ láti 1954. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, òun sì ni ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó ń fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan tí yóò máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n á sì padà sí agbo ilé, níbi tí a ti ń ro oko, tí a ti ń dáná, tí a ti ń kí ara ẹni. Aláìsàn ni àwọn ti Aro, arábìnrin Ugbor kì í ṣe aláìsàn. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó wúlò fún un. Lambo dín ìnira kù, ṣùgbọ́n kò mú èèyàn kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí nǹkan ń wọ̀ lára ní ìlú onílùú ni ó ń ṣe òdì kejì rẹ̀: wọ́n á sá fún ariwo, wọ́n á sá fún ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, wọ́n á sá fún aládùúgbò, títí yóò fi ku àwọn àti fóònù nìkan nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù ni ó pariwo jù nínú gbogbo wọn.

YÌNKÌN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ

Etí tí kò gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ó ṣeé ṣe kí etí má gbọ́. Ní ayé lẹ́tà, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà, wọn á ti parí rẹ̀, wọn á ti jẹ oúnjẹ ìparíjà, kí ìròyìn rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà ní Ìbìní. Nísinsìnyí, yìnkìn wà nínú àpò. Arábìnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp márùn-ún: ti ẹbí, ti àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé, ti ọmọ ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti ọ́fíìsì. Kò sí ìjà ilẹ̀, ìjà ogún tàbí ìjà aṣọ ẹbí tí kì í bá a ní orí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan sí ojú ẹgbẹ́ ẹbí, ọ̀rọ̀ gígùn nípa àwọn ọmọ tí ó lọ sí ìdálẹ̀ tí wọ́n gbàgbé ọmú tí ó wò wọ́n dàgbà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ni ó tún wà ní ìdálẹ̀ nínú ẹbí bí kò ṣe òun? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti dé, ó sì di odindi. Kò sùn. Ní òwúrọ̀, ó yá náírà 60,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá náà. Bàbá pè é pẹ̀lú ayọ̀ àti ìyàlẹ́nu: “Ọmọ mi, kí ni mo ṣe tí ó tó èyí? Olúwa yóò bù sí i fún ọ.” Nígbà tí ó fi ọgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ àná, bàbá kò tètè rántí. Ẹnì kan ni ó fi ránṣẹ́ sí i láti Ìbàdàn. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ó sì ta á látaré sí gbogbo ibi tí ó wà. Òun fúnra rẹ̀ kò kà á dé ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni arábìnrin náà fi san gbèsè náà.

Láti 2018 ni WhatsApp ti ń fi àmì ọfà kékeré sí orí ọ̀rọ̀ tí a bá ta látaré, láti 2019 ni ó sì ti ń fi ọfà méjì sí èyí tí ó ti la ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ọfà méjì wà lórí ọ̀rọ̀ bàbá náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó wo ọfà kí ó tó wo inú ara rẹ̀, ì bá mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ Iléṣà, kò mọ Ugbor, kò sì mọ̀ pé òun wà láyé.

Àmì búlúù méjì tí ń fi hàn pé ẹnìkejì ti ka ọ̀rọ̀ wa, èyí tí ó dé ní 2014, ti da ọ̀pọ̀ oorun láàmú. Ó kà á, kò fèsì: kí ni mo ṣe fún un? Bóyá ó ń wakọ̀. Bóyá ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Èèyàn lè pa àmì náà, kí ó sì fi ìgbà tí òun wọlé kẹ́yìn pamọ́. Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá lórí rẹ̀. Láti 2022, èèyàn lè jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp láìjẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́; alábòójútó nìkan ni WhatsApp yóò fi tó létí. Ní ti ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé, èyí dára, ó sì jáde. Ní ti ẹgbẹ́ ẹbí, ọ̀ràn ni. Ẹni tí ó jáde níbẹ̀ ti bọ́ sí ẹnu ayé, àlàyé kankan kò sì lè mú kí bàbá tí ó ti dàgbà gbà pé kì í ṣe ìgbéraga.

Nítorí náà, ó dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa agogo rẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà nílé, wọ́n jọ ṣe àdéhùn: bí àìsàn tàbí ikú bá wọlé, kí ó pè é, kí ó má kọ̀wé. Ohun yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ ni yóò máa wò ó, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun alẹ́. Fóònù kò tún bá a wọ yàrá mọ́. Ó fi ṣàlàyé fún àwọn ẹbí, ní ohùn rẹ̀ kì í ṣe nínú ìwé, pé iṣẹ́ òun kò gba kí òun máa wo fóònù lọ́sàn-án. Àwọn kan kùn. Kò sí ẹni tí ó kú.

Ní ti èébú àwọn tí a kò mọ̀ rí, bí irú èyí tí ó máa ń wà lábẹ́ ìròyìn lórí Facebook, ẹni tí nǹkan ń wọ̀ lára kò ní ohun kan tí ó ń wá lọ síbẹ̀ ní òru. Bí ó bá di ìhàlẹ̀ sí ẹ̀mí tàbí ìdúkookò-mọ́ni, kí ó pa ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Òfin ọ̀ràn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti 2015 mú irú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KAN ṢOṢO

Ohun tí ó yí ọ̀ràn rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì kò ju ìbéèrè lọ. Ọmọ tí a fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ tọ́ ka ìbéèrè sí ìtìjú: bí mo bá béèrè, wọ́n á ní mi ò lóye. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, kò sì sọ àbọ̀ kankan. Odindi ni ó sọ, kí ó wá rí òun. Ìdajì tí ó kù kò sí níbìkan àyàfi ní orí ẹni tí ó gbà á.

Ó sọ fún obìnrin tí wọ́n jọ ń lo tábìlì pé bí ó bá gbé ohùn sókè, iṣẹ́ á dàrú mọ́ òun lọ́wọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé inú ń bí i ni tí kì í fi í sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ wà, tí olúkúlùkù fi ń ka ìdákẹ́ tàbí ariwo ẹnìkejì sí ìbínú. Ó tún bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé àga òun kúrò ní ẹnu ọ̀nà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n sì gbé e. Ní ọ̀sán, ó máa ń rìn lọ sí abẹ́ igi kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìmú fóònù dání.

Àwọn ọ̀gá náà ní ẹ̀bi tiwọn. Gbólóhùn kejì kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó kọ “wá rí mi” ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láìsọ ìdí rẹ̀, ó ti fi òpin ọ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́ kan jóná, ó sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó dára jù ní ọ́fíìsì rẹ̀ ni.

Ààlà kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú fò. Kí nǹkan máa wọ èèyàn lára kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n àìsàn lè bá ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí oorun bá sá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí oúnjẹ kò bá lọ, bí ohun tí èèyàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò bá tún dùn mọ́ ọn, bí èrò ikú bá ń wá sọ́kàn, ọ̀ràn ti kúrò ní ti kíka àmì ọfà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Uselu, nínú ìlú Ìbìní gan-an. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Ugbowo. Ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà Uselu wọlé ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin wèrè. Ojú àwọn aládùúgbò kò tíì bá òfin náà yí padà tán, ṣùgbọ́n dókítà kò ní béèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó tọ́jú èèyàn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìtàn ọjọ́ Ajé yẹn, ọ̀gá tún kọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì: “Ri i pé o rí mi kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.” Àyà akọ̀wé já, gẹ́gẹ́ bí yóò ti máa já títí ayé rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mu omi, ó tún gbé e. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ǹjẹ́ fáìlì kan wà tí ẹ fẹ́ kí n mú dání?” Kò pẹ́ tí èsì fi dé: “Ti oṣù kẹta. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mi sọnù, tìrẹ ni mo fẹ́ yá.”

Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ọjọ́sí ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń kọ iye ata àti ẹja sí bí ó bá ń lọ sí ọjà.